Ẹ̀ka tútù di igi: bí a ṣe ń gbin òdòdó láti ara ọ̀mùnú ní Àbújá àti Òkè Ọya

Tí ẹ bá gé ẹ̀ka lára igi òdòdó kan, tí ẹ tì í bọlẹ̀, tí ẹ ń bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́, tó wá rọ kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta, kì í ṣe pé ọwọ́ yín kò dára fún nǹkan gbíngbìn. Gbòǹgbò ló ń fa omi fún igi, ewé ló ń ná an. Bí ẹ ṣe gé ẹ̀ka yẹn, ẹ ti já a kúrò lára ohun tó ń fa omi fún un, ewé sì ń ná omi lọ bó ṣe ń ná an látẹ̀yìnwá. Omi tí ẹ bá dà sídìí rẹ̀ kò lè gba ojú egbò, ìyẹn ibi tí ẹ ti gé e, wọlé tó bó ṣe ń gba ojú ewé jáde. Bí omi bá sì pọ̀ jù nídìí rẹ̀, ńṣe ni ojú egbò yẹn máa jẹrà. Ohun tí ẹ̀ka tí kò tíì ní gbòǹgbò ń fẹ́ jù lọ ni kí afẹ́fẹ́ tó yí ewé rẹ̀ ká lọ́rinrin, kí ilẹ̀ tó wà nídìí rẹ̀ má sì rin gbingbin. Òdìkejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe: ilẹ̀ ń ṣàn fún omi, afẹ́fẹ́ gbẹ.

Lápá ilé, ní Ìjẹ̀bú tàbí Oǹdó, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ń bá èèyàn ṣe ìdajì iṣẹ́ yẹn. Màmá kàn máa ń ti igi bọ ẹ̀gbẹ́ kànga ni, kó tó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti rúwé. Àwa tí a ń gbé Kubwa, Lugbe, Nyanya ní Àbújá, tàbí tí a wà lókè títí dé Kàdúná àti Kánò, kò sírú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wa ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. A gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara wa ṣe é. Kò sì nira rárá: yanrìn, ọ̀rá tó mọ́ gaara, abẹ tó mú, àti ibi tí òòrùn ò ti ní bá a ló ń béèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an nítorí àwa tí a ń háyà ilé. Èèyàn á gbin ixora sí iwájú ilé, á tọ́jú rẹ̀ títí tí á fi pọ́n dẹ̀dẹ̀, lánlọ́ọ̀dù á wá ní òun fẹ́ gba ilé òun. Kò sẹ́ni tó lè hú igi ọlọ́dún mẹ́rin kó máa gbé e kiri láti Lugbe lọ sí Bwari. Àmọ́ ọ̀mùnú mẹ́wàá inú báfù kan, ẹ̀yìn mọ́tò ló máa jókòó sí. Ohun tó bá sì hù lára rẹ̀, igi yẹn gan-an ni: àwọ̀ òdòdó kan náà, ewé kan náà. Irúgbìn kì í fìgbà gbogbo ṣe irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀.

Ọ̀mùnú wo ni ká gé?

Lára igi kan náà, ẹ máa rí oríṣi ẹ̀ka mẹ́ta. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ti gbó, èèpo rẹ̀ ti le, àwọ̀ rẹ̀ ti jọ eérú. Èyí tó tẹ̀ lé e ń gbó bọ̀. Èyí tó wà lórí, tí òjò ọdún yìí mú jáde, ni ọ̀mùnú: àwọ̀ ewé ló ní láti òkè délẹ̀, ewé orí rẹ̀ kéré, ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti tóbi tán. Òun la fẹ́. Gbòǹgbò máa ń yá jáde lára rẹ̀ ju lára ẹ̀ka tó gbó lọ, torí ara rẹ̀ ṣì ń dàgbà lọ́wọ́. Bó ṣe yá jáde náà ló ṣe yá gbẹ, ìdí nìyẹn tí a ò fi gbọ́dọ̀ fi falẹ̀ tí a bá ti gé e.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú un ní nǹkan bí ínṣì 4 sí orí rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Tó bá dá pọ́ńkán bí orí ilá tútù ṣe ń dá lọ́wọ́ ẹni tó ń ra ilá lọ́jà, ó ti tó gé. Tó bá kàn ń tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀ tí kò dá, ó ṣì kéré jù, ẹ jẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ kan sí i. Tó bá ṣẹ́ àmọ́ tí èèpo rẹ̀ ń fà yọ̀ọ̀ tí kò já, ó ti ń di igi. Ìyẹn náà máa ń hù, àmọ́ yóò pẹ́.

Ẹ má gé lára èyí tó ń tanná lọ́wọ́. Gbogbo agbára ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ti lọ sórí òdòdó. Tí kò bá sí èyí tí kò tanná, ẹ já òdòdó àti ìrudi rẹ̀ kúrò pátá. Ẹ yẹ abẹ́ ewé wò dáadáa, torí kòkòrò funfun tó dà bí òwú máa ń sá pamọ́ sí ìkòríta ewé àti ẹ̀ka, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ara yín gbé e wọ inú ọ̀rá tí ọ̀rinrin àti ooru máa jẹ́ kó bí sí i.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù láti rí ọ̀mùnú púpọ̀ ni kí n rẹ́ orí ìyá igi, ìyẹn igi tí a fẹ́ gé ọ̀mùnú lára rẹ̀, nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ní ìparí oṣù kẹrin tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ọ̀mùnú á ti rú jáde lójú gbogbo ibi tí ẹ gé. Tí ẹ kò bá ní ìyá igi, ẹ máa ṣọ́ ọjọ́ tí máàlámù tó ń tọ́jú ọgbà ládùúgbò bá ń rẹ́ fúláwà. Ẹ kí i “Sannu da aiki,” kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì gbá èyí tó gé dànù. Orí tútù tó ń já sílẹ̀ yẹn ló kún fún ohun tí ẹ ń wá. Ẹ ṣáà kó o kí òòrùn tó lu ú. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má mú abẹ lọ sí Millennium Park tàbí ọgbà ìjọba èyíkéyìí, kó ní òun fẹ́ gé ẹ̀ka. Wọ́n gbin ìyẹn fún gbogbo ará ìlú.

Ìgbà tó dára

Ní Àbújá, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹrin, ó sì máa ń dáwọ́ dúró nínú oṣù kẹwàá. Láti oṣù kẹfà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni mo máa ní kí ẹ ṣe é. Afẹ́fẹ́ lọ́rinrin, ìkùukùu ń bá wa ṣíji bo oòrùn, ooru kò sì pọ̀ jù. Èyí tó bá yọ gbòǹgbò lóṣù keje ṣì máa rí òjò mu kí ẹ̀rùn tó dé.

Ẹni tó wà ní Kánò, Sókótó tàbí Màídúgùrì kò ní àyè tó bẹ́ẹ̀. Òjò wọn ń pẹ́ dé, ó sì ń yá lọ, torí náà oṣù keje àti ìkẹjọ ni kí wọ́n gbájú mọ́. Jọ́ọ̀sì dá yàtọ̀. Orí òkè tó ga ju mítà 1,200 lọ ni ìlú náà wà, òtútù rẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí ọ̀mùnú pẹ́ kó tó rọ, àmọ́ gbòǹgbò náà á pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde.

Oṣù kẹta, ẹ fi sílẹ̀. Òòrùn rẹ̀ ń kọjá 35°C lọ́sàn-án, ọ̀rá tí ẹ bá fi bo ẹ̀ka á sì di ààrò. Ìgbà ọyẹ́, láti nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ó ṣeé ṣe bí ẹ bá gbé e sínú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, tí ẹ sì bò ó dáadáa. Àmọ́ kó jẹ́ àwọn tó rọrùn bíi coleus, òdòdó tí ewé rẹ̀ láwọ̀ mèremère, àti na'a-na'a (mint) nìkan. Ẹ máa nu eruku kúrò lára ọ̀rá, torí ó máa ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀ kí ẹ tó gé ohunkóhun

Mo fi “kí ẹ tó gé” sí i nítorí pé ẹ̀ka tó ti wà lọ́wọ́ kò ní dúró dè yín kí ẹ wá yanrìn.

Ilẹ̀ pupa Àbújá yìí, tí yangí pọ̀ nínú rẹ̀, kò dára fún iṣẹ́ yìí rárá. Bí omi bá bọ́ sínú rẹ̀, á lẹ̀ pọ̀; bó bá gbẹ, á le bí bíríkì. Ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá náà kò dára fún un, torí olóòórùn àti olóúnjẹ ni, ohun tó ń mú nǹkan jẹrà ló kún inú rẹ̀. Ọ̀mùnú kò nílò oúnjẹ títí gbòǹgbò á fi jáde. Ibi tó mọ́, tí omi ń gbà kọjá, tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, ló nílò.

Yanrìn odò tó le ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní sharp sand. Ẹ má gba ti ìrẹ́lé, ó kúná jù. Garawa kan péré, ibi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé ládùúgbò ni ẹ ti lè tọrọ rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹni fọ ìrẹsì títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ da omi tó ń hó gùdù lé e lórí, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Omi gbígbóná yẹn ló ń pa èbu tó ń mú nǹkan bu, àti ẹyin kòkòrò.

Yanrìn nìkan ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó máa ń yára gbẹ. Ẹ wá ìyàngbò ìrẹsì pọ̀ mọ́ ọn. Ní Òkè Ọya yìí, ibikíbi tí wọ́n bá ti ń lọ ìrẹsì, ní Bida, ní Lafia, ní Kura lápá Kánò, òkìtì ìyàngbò ló máa ń wà lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ wọn. Ẹ yan án nínú agbada títí á fi dúdú, ẹ má jẹ́ kó di eérú, kí ẹ wọ́n omi sí i kó kú. Yanrìn ìwọ̀n méjì, ìyàngbò dúdú ìwọ̀n kan, ẹ pò ó pọ̀. Ẹni tó bá rí lẹ́búlẹ́bú èèpo àgbọn rà lè fi dípò ìyàngbò.

Ohun tí ẹ máa rọ ọ́ sí kò ní kẹ́yin náwó. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ẹ ti fọ̀, tí ẹ fi ìṣó lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, gba ẹ̀ka kan. Báfù àtijọ́ tó jìn tó ínṣì 5 gba ogún. Kó ṣáà ní ihò nísàlẹ̀. Fún bíbò, ike omi lítà kan ààbọ̀ tí ẹ gé ìdí rẹ̀ kúrò bo ẹ̀ka kan tàbí méjì. Fún báfù, ẹ tẹ wáyà kọdọrọ bí ọrun, kí ẹ da ọ̀rá funfun tó mọ́ gaara bò ó.

Réésà tuntun ló dára jù fún gígé. Àlùmọ́gàjí máa ń tẹ ẹ̀ka pa kó tó gé e, ibi tó bá sì fọ́ ló kọ́kọ́ ń jẹrà. Ẹ fi òwú tí ẹ rì sínú spirit nu ojú réésà, kí ẹ sì tún un nu bí ẹ bá ń kúrò lára igi kan bọ́ sí òmíràn. Àrùn igi máa ń gba ojú abẹ kọjá.

Oògùn tó ń mú gbòǹgbò jáde wà, ìyẹ̀fun ni, àwọn tó ń ta oògùn oko máa ń tà á ní “rooting powder”. Ó wúlò fún ixora, bougainvillea àti croton. Coleus, ẹfinrin, na'a-na'a àti tòmátì kò nílò rẹ̀. Tí owó rẹ̀ bá wúwo, ẹ fi sílẹ̀, ẹ kàn gbin ẹ̀ka púpọ̀ sí i, kí ẹ sì ní sùúrù.

Gígé

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ bomi rin ìyá igi náà yó. Àárọ̀ kùtù, láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́jọ, ni kí ẹ gé e. Àsìkò yẹn ni omi kún ara ẹ̀ka jù lọ. Ẹ gbé abọ́ kan dání, kí aṣọ tó tutù wà nínú rẹ̀, inú rẹ̀ ni kí ẹ máa wé ohun tí ẹ bá gé sí. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn lẹ ti ń kó o bọ̀, bíi láti Kàdúná, ẹ wé e sínú aṣọ tútù, kí ẹ tún fi ọ̀rá bò ó, kó wà nínú kúlà. Ẹ̀yìn mọ́tò tó ti pa gíláàsì, tó wà lójú òòrùn, lè pa gbogbo rẹ̀ láàárín wákàtí kan.

Ẹ jẹ́ ká wo ixora kan láti sún mọ́ ọn. Ewé rẹ̀ ń jáde ní méjì-méjì, wọ́n kọjú sí ara wọn, ibi tí méjì yẹn ti jáde ni à ń pè ní oríkèé. Láti orí, ẹ ka oríkèé mẹ́ta sísàlẹ̀. Ẹ fi réésà gé e ní ìsàlẹ̀ oríkèé kẹta, kí ó ku nǹkan bí ìdá mẹ́rin ínṣì kan, ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, láìfà á. Oríkèé yẹn ṣe pàtàkì, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń rọ́nà jáde jù. Bí ẹ bá gé e sí àárín méjì, igi tó gùn sísàlẹ̀ láìní oríkèé yẹn á kàn jẹrà ni, ìjẹrà ọ̀hún á sì gòkè. Gbogbo gígùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ínṣì 3 sí 5 lọ.

Ẹ já ewé oríkèé ìsàlẹ̀ àti ti àárín kúrò, ẹ rọra fi réésà gé wọn mọ́ ara igi, ẹ má fà wọ́n ya. Ewé tó wà nínú yanrìn á jẹrà. Ẹ fi méjì tàbí mẹ́rin sílẹ̀ lórí. Tí wọ́n bá tóbi, ẹ gé ìdajì ewé kọ̀ọ̀kan dànù ní ìbú.

Àwọn kan máa ń ṣí gbogbo ewé kúrò, pé kí omi má bàa jáde rárá. Lára ẹ̀ka tó gbó, ìyẹn lè ṣiṣẹ́, oúnjẹ wà nínú igi rẹ̀. Ọ̀mùnú kò ní oúnjẹ ìpamọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ewé àti orí rẹ̀ ló ń ṣe ohun tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ojú egbò láti pe gbòǹgbò jáde. Ìsàlẹ̀ nìkan ni nǹkan yẹn ń lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ̀ka tí a bá dorí rẹ̀ kodò kì í fi í yọ gbòǹgbò bó ṣe yẹ. Tí ẹ bá ti ṣí ewé tán, tí kò sí àmì tí ẹ fi mọ orí yàtọ̀ sí ìdí, ẹ gé ìdí ní ìdàgẹ̀rẹ́, kí ẹ gé orí kó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Allamanda, poinsettia àti àwọn ẹlẹ́gùn-ún tó ní oje funfun, ẹ fi ìdí wọn sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí oje náà dá. Ẹ má jẹ́ kó kàn yín lójú, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́, pàápàá bí ọmọdé bá wà nílé.

Gbíngbìn àti ìbòrí

Ẹ ti bomi rin yanrìn tẹ́lẹ̀, omi tó pọ̀ jù á ti jò lọ. Tí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kó dì, kó má kán. Ẹ fi bírò tàbí igi ìtayín nínípọn lu ihò. Ẹ má fi ẹ̀ka fúnra rẹ̀ gún yanrìn, yóò họ ojú egbò, oògùn tó wà nídìí rẹ̀ á sì nù. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń lo oògùn, ìdajì ínṣì péré ni kó wọ inú rẹ̀, kí ẹ gbọn ìyókù dànù. Tó bá pọ̀ jù, ó ń jó ẹ̀ka.

Ẹ ti ẹ̀ka náà bọ ihò títí oríkèé kan ó kéré tán á fi wọlẹ̀, ẹ fi ìka méjì tẹ yanrìn mọ́ ọn. Ewé èyí kò gbọ́dọ̀ kan ewé ìkejì. Ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sára ike kékeré kan, kí ẹ tì í bọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fọ́n omi sí ewé, kí ẹ bò ó.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ láìrí òòrùn. Abẹ́ máńgò tí kò ṣókùnkùn jù dára. Bárándà tó kọjú sí ìlà oòrùn dára, bí òòrùn àárọ̀ bá ti kúrò níbẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Òkùnkùn nínú yàrá kò dára, ewé ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Láti ọjọ́ yìí lọ, ara ọ̀rá ni kí ẹ máa wò, ẹ fi yanrìn sílẹ̀. Láàárọ̀, ó yẹ kí ẹ rí ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀, tó mú kó ṣe bàìbàì díẹ̀. Tí kò bá sí ẹ̀kán kankan, ibi kan ti ń jò tàbí yanrìn ti ń gbẹ: ẹ fọ́n omi, kí ẹ tún ìdí ọ̀rá tẹ̀. Tó bá jẹ́ pé omi ń ṣàn kalẹ̀ lára ọ̀rá, tó ń kán sórí ewé, omi ti pọ̀: ẹ ṣí i fún ìdajì wákàtí nírọ̀lẹ́. Bó ti wù kó rí, ẹ ṣí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójoojúmọ́ tàbí ní ọjọ́ méjì-méjì kí afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Ewé tó bá já sílẹ̀, ẹ mú un kúrò lójú ẹsẹ̀, orí rẹ̀ ni èbu ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka tí ìdí rẹ̀ bá dúdú, tó rọ̀, ẹ fà á jáde kó má bàa ran ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìwọ̀nba ni iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kánjú ló ti ń le. Ẹ má fà á jáde láti yẹ ìdí rẹ̀ wò. Ohun tó kọ́kọ́ ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ni pé ojú egbò á wú díẹ̀, ẹran funfun pàlàpàlà kan á bò ó, ẹ̀yìn ìyẹn ni gbòǹgbò funfun bí òwú ìránṣọ á wá yọ. Bí ẹ bá fà á ní àkókò yẹn, ẹ ti já gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fi ìka méjì mú un, kí ẹ rọra gbé e sókè díẹ̀. Tó bá ń di ilẹ̀ mú, gbòǹgbò ti wà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ewé tuntun nìkan, pàápàá lára bougainvillea. Ó lè rúwé láti inú oúnjẹ tó kù nínú igi rẹ̀ nígbà tí kò tíì ní gbòǹgbò kan ṣoṣo.

Nígbà tí gbòǹgbò bá ti jáde

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù rẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ọ̀rá. Ewé tó ti wà nínú ọ̀rinrin láti ìgbà yìí kò tíì mọ afẹ́fẹ́ ìta. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ kan fún wákàtí kan nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ kejì, wákàtí méjì. Ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, kí ẹ tó mú ọ̀rá kúrò pátá. Bí ewé bá rọ, ẹ dá ọ̀rá padà títí di ọjọ́ kejì. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Nígbà tí gbòǹgbò bá gùn tó ínṣì kan, ẹ fi ṣíbí wú u pẹ̀lú yanrìn tó yí i ká. Ilẹ̀ rẹ̀ tuntun lè jẹ́ ilẹ̀ dúdú ìwọ̀n mẹ́ta, yanrìn ìwọ̀n méjì, ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà tán ìwọ̀n kan. Ìgbẹ́ màlúù kò wọ́n wa lápá ibí, àmọ́ tó bá ṣì ń rùn, tó sì ń móoru bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kò tíì tó lò. Ti adìẹ tuntun burú ju ìyẹn lọ. Ẹ fi í sábẹ́ ìbòji fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Bó bá ti ń dàgbà, ẹ já orí rẹ̀, kó lè pẹ̀ka. Ajílẹ̀ NPK 15:15:15 kò yá àfi ìgbà tó bá ti mú ewé tuntun méjì tàbí mẹ́ta jáde, hóró mélòó kan péré ni kí ẹ sì fi sí etí ìkòkò, kó má kan ìdí igi.

Igi lọ́kọ̀ọ̀kan

Coleus ni kí ẹni tí kò ṣe é rí fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ti tó fún un, ó sì ń yọ gbòǹgbò nínú ife omi lásán. Ẹfinrin, tí àwọn Hausa ń pè ní daddoya, àti na'a-na'a náà rí bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ inú omi lẹ fi sí, ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní ọjọ́ méjì-méjì, kí ẹ̀fọn má sọ ọ́ di ilé, kí ẹ sì gbé e bọ ilẹ̀ nígbà tí gbòǹgbò bá tó ínṣì kan, ẹ má jẹ́ kó gùn jù, torí gbòǹgbò inú omi máa ń tètè kán. Tòmátì náà wà níbẹ̀: ọ̀mùnú tó ń yọ ní ìkòríta ewé àti igi rẹ̀, tí a máa ń já dànù, ń di igi tòmátì láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Hibiscus ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà. Ewé rẹ̀ máa ń pọ́n, á já, ẹ̀ka náà á sì wà láàyè síbẹ̀. Ẹ fi èékánná họ èèpo rẹ̀ díẹ̀: bó bá ní àwọ̀ ewé lábẹ́, ẹ má jù ú nù. Ixora le díẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ. Duranta eléwé pípọ́n tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ló máa ń gbà. Ẹni tó fẹ́ fi ṣe ọgbà, kó ṣe ọgọ́rùn-ún ẹ̀ka lẹ́ẹ̀kan náà nínú báfù ńlá, owó tó máa mú dúró lápò kì í ṣe kékeré. Làálì náà ń hù láti ara ẹ̀ka, lalle ni wọ́n ń pè é lọ́jà níbí, ó sì ń fara da ẹ̀rùn bó bá ti dúró.

Bougainvillea ni mo máa ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n ní sùúrù fún. Kí ẹ gé èyí tó le díẹ̀ ju ọ̀mùnú gidi lọ, kí ẹ ha èèpo rẹ̀ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan nísàlẹ̀, kí ẹ lo oògùn, kí ẹ má jẹ́ kí omi pọ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń tètè kán, torí náà inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni kí kọ̀ọ̀kan wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbìn ín sílẹ̀, ẹ fi réésà la ọ̀rá náà, ẹ má fà á jáde.

Desert rose àti gbogbo igi tí omi kún inú ara rẹ̀, ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú egbò gbẹ nínú ìbòji fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó gbìn ín, ẹ má sì fi ọ̀rá bò ó. Ewúro, pèrègún àti lápálapá kò nílò gbogbo ètò yìí, igi wọn tó gbó ni kí ẹ tì bọlẹ̀ nígbà òjò. Ọ̀pẹ, ìbẹ́pẹ àti igi masquerade gíga tó kún ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì Àbújá, irúgbìn ni kí ẹ wá.

Ẹ̀rùn àkọ́kọ́

Ó kéré tán, kí igi náà ti wà nínú ilẹ̀ rẹ̀ gan-an kí oṣù kẹsàn-án tó parí, kí gbòǹgbò lè sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀. Èyí tí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi sínú ìkòkò títí di ọdún tó ń bọ̀, kí ẹ máa gbé e kúrò lójú atẹ́gùn ọyẹ́. Fún èyí tó ti wà nílẹ̀, ẹ gbẹ́ kòtò pẹlẹbẹ yí i ká, kí omi tí ẹ rà lọ́wọ́ máì rúwà má bàa ṣàn lọ, kí ẹ rin ín yó lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀ dípò kí ẹ máa fọ́n díẹ̀díẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Ẹ lè fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ ìdí rẹ̀, àmọ́ ẹ fi àyè ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ sí ara igi, kí ẹ sì máa ṣí i wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ikán Àbújá kì í pẹ́ rí koríko gbígbẹ, bó bá sì jẹ ẹ́ tán, èèpo igi ló kàn.